Orúnkún Bọ́sẹ̀dé

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fara kanra bí ẹni ń yáná, kí ẹ gbọ́ ohun tójú Bọ́sẹ̀dé rí ní Ìlọrin.

"Kúnlẹ̀!"

Bùrọ̀dá Adégbóyè, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ló pàṣẹ. Ẹbí tó ti Ọ̀mù-Àrán wá ṣe ìrántí olóògbé kún pálọ̀ opó náà lẹ́yìn Táíwò Road. Òórùn ìrẹsì ń ta sánsán láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí ẹbí.

Bọ́sẹ̀dé di ọ̀pá rẹ̀ mú ṣinṣin. Ìrètí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lórí itan Juliana, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí Bọ́sẹ̀dé wà ní ọsibítù ni ẹbí wá mú ọmọ lọ, wọ́n ní àwọn á bá a tọ́jú rẹ̀. Ó bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀, wọn ò dá a padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kerekere tó dà bí tìmùtìmù nínú orúnkún mi ló ya, tí dókítà fi òmíràn rọ́pò. Kò tíì lẹ̀ mọ́ egungun dáadáa. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀."

Juliana bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣebí ìwọ náà lo sọ fún mi pé ara òkú ni wọ́n ti mú u? Ẹ gbà mí o! Orúnkún gba òkú láàyè, ó wá ní òun ò lè kí alààyè!"

Ilé rọ́ fún ẹ̀rín. Àwọn obìnrin ilé ṣápẹ́, wọ́n dá orin:

*Ìyàwó tí ò kúnlẹ̀,*
*Ẹ̀yìn òde ló wà o,*
*Kò tíì wọlé.*

"Ẹ jẹ́ kó jókòó kí wa," ni Ìyá Nathan, ìyàwó ilé bíi tirẹ̀, rọra sọ. Adégbóyè wò ó lẹ́ẹ̀kan, obìnrin náà sì gba ilé ìdáná lọ.

Adégbóyè yíjú sí Bọ́sẹ̀dé. "Ìyá Ìrètí, a ò kórìíra rẹ. Kúnlẹ̀ kí o mú ọmọ rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ wa ń bá wa lọ sílé."

"Ẹ ó dá a padà lóòótọ́, sà?"

"Ṣé mo máa ń purọ́ ni?"

"Mọ́mì!" Ìrètí nawọ́ sí i.

Bọ́sẹ̀dé fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó fi orúnkún tó dá ṣáṣá kanlẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ohun kan já nínú orúnkún náà, fàà, bí ẹni fa aṣọ ya. Ó gé ètè rẹ̀ jẹ.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹbí ọkọ mi."

"Olúwa á fún ẹsẹ̀ rẹ lókun!" ni Adégbóyè wí.

"Àmín!" Oúnjẹ dé.

"Ó yá, dìde wá gbé ọmọ rẹ," ni Juliana wí, ìrẹsì lẹ́nu.

Bọ́sẹ̀dé gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Òógùn bò ó.

"Àǹtí, n ò lè dìde."

Juliana yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ò rí i, Bùrọ̀dá? Ẹni tí ò lè dìde, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́mọ?"

Adégbóyè ronú díẹ̀, ó mi orí pé òótọ́ ni, ó sì bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n di èyí tó kù sínú ọ̀rá, wọ́n gbé Ìrètí sínú mọ́tò, wọ́n sì fi orin dídùn darí lọ sílé. Bọ́sẹ̀dé ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà láàrin àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni ò palẹ̀ mọ́.