Máàkì Pupa Títí Dé Ojú Ewé Kejì

3.

…tí mo sì sọ fún lọ́yà pé ẹ jẹ́ n gbé e lọ sílé ná, nítorí ọwọ́ màámi ni mò ń wá nínú rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ni. Èmi àti màámi la jọ ni ilé. Kí àbúrò mi tó lè bá wa tà á, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

4. OHUN TÍ MO BÁ NÍBẸ̀

Ojú ewé kìíní: máàkì pupa.
Ojú ewé kejì: máàkì pupa.
Ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká ta ilé: kò sí máàkì. Ìtẹ̀ka. Ọjọ́ kẹtàlá.

5.

Tíṣà ni màámi. Ewé tó bá ti kà, á fi bírò pupa máàkì igun rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwé owó iná. “Kà á lẹ́ẹ̀mejì kó o tó fọwọ́ sí i.” Kò tẹ̀ka rí láyé ẹ̀.

6. ÌPÈ

ÈMI: Gbé fóònù fún màámi.
ÀBÚRÒ: Wọ́n ń sùn.
ÈMI: Àná ńkọ́?
ÀBÚRÒ: Wọ́n sùn lánàá náà.
ÈMI: Kí ló dé tí wọ́n tẹ̀ka?
ÀBÚRÒ: Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i.

7. LÁTỌ̀DỌ̀ AYÁLÉGBÉ WA

*Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.*

*A ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́.*

8.

Mo jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí ní lọ́ńdìrì ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun níbí, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rọ ń yí.

9. ÌPÈ

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ kẹsàn-án ni màámi ṣaláìsí. Àwọn àgbà ló ní ká má tíì sọ fún yín, torí pé ẹ dá wà lọ́hùn-ún.
ÈMI: Ta ló wá tẹ̀ka lọ́jọ́ kẹtàlá?
ÀBÚRÒ: Màámi ti ń kà á kó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá tì mí mọ́lé.

10.

Lórí ìwé, màámi fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́ sí i láyé.

11.

Bóyá kò dé ojú ewé kẹta. Bóyá ó dé ibẹ̀, ó kà á, kò gbà.

Gbogbo aṣọ ìbùsùn funfun tí mo bá ń lọ̀, igun rẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí máàkì kan lánàá. Ẹ má bi mí.

12. Ọ́FÍÌSÌ LỌ́YÀ

LỌ́YÀ: Ẹ óò jẹ́rìí pé ìyá yín wà láàyè lọ́jọ́ kẹtàlá. Ẹ ti kà á, àbí?
ÈMI: Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ jẹ́ n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

13.

Ojú ewé kìíní.

Ojú ewé kejì.

Màámi, mo ti dé ibi tẹ́ ẹ dúró sí.