Ẹsẹ̀ Ẹṣin Amọ̀

Ìwé márùn-ún ni Bùrẹ́ímọ̀ wà nígbà tí ẹsẹ̀ ẹṣin amọ̀ kán. Ara ògiri ni wọ́n mọ ẹṣin náà sí, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìwé ní Ifọ̀ nígbà yẹn. Bùrẹ́ímọ̀ wọlé, ó rí ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó mú un, ó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni hẹ́dímásítà já wọlé bá a. Akínọlá, ọmọ hẹ́dímásítà, dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ní, "Òun ni, sà. Mo rí i." Wọ́n na Bùrẹ́ímọ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n lé e, kò sì padà sí ilé ìwé kankan mọ́. Iṣẹ́ iná ló lọ kọ́. Irun rẹ̀ ti funfun báyìí, ṣùgbọ́n tó bá rí Akínọlá lọ́nà, ńṣe ló ń yíjú sódì.

Ìdí nìyí tí kò fi fẹ́ wá ní ọ̀sán tí wọ́n fẹ́ dán iná wò. Wọ́n ti sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ní àwọn máa kọ ọ́ sí pátákó ẹ̀gbẹ́ ẹṣin pé ọmọ ilé ìwé olóríkunkun kan ló kán ẹsẹ̀ rẹ̀, Akínọlá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé náà sì fọwọ́ sí i. Kò sí àgbà kan ní Ifọ̀ tí kò mọ ọmọ náà. Bùrẹ́ímọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa wá tanná sí ìtìjú ara rẹ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè rí i kà.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ẹṣin yìí sílẹ̀ nínú òkùnkùn," ló wí fún Mọ́fẹ́yìsára, ọmọbìnrin tí wọ́n pè láti Èkó wá ṣètò iná. "Ẹṣin arọ! Kí lèèyàn fẹ́ wò lára ẹ̀?"

Mọ́fẹ́yìsára rẹ́rìn-ín. "Bàbá, arọ yìí gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kan gílóòbù mọ́ òkè níwájú ẹ̀."

"A ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ilé yìí, sà. Ògiri amọ̀ ni, ó máa ya. Ilẹ̀ la máa gbé iná sí, kó fara ti ògiri, kó máa tàn gba ẹ̀gbẹ́. Tó bá tàn láti iwájú, ẹṣin yẹn á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Òjìji ló máa gbé e dìde."

Bùrẹ́ímọ̀ kùn, ṣùgbọ́n ó gbé iná sílẹ̀, ó fa wáyà. Aṣọ dúdú ti bo gbogbo fèrèsé. Àwọn ìgbìmọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bùrẹ́ímọ̀, rọra o," Akínọlá fi ṣẹ̀fẹ̀. "Má tún kán èyí tó kù!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bùrẹ́ímọ̀ bẹ̀rẹ̀ síbi iná. Ó tan iná.

Ẹṣin náà dìde lóòótọ́, bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti kán, lára ògiri tí gbogbo ayé rò pé ó tẹ́jú, òjìji lẹ́tà yọ bí àpá. Ẹnìkan ti fi ìṣó gbẹ́ ibẹ̀ rí, ó sì fi amọ̀ tútù dí i. Amọ̀ náà gbẹ, ó súnkì, ó jìn sínú, wọ́n wá ń fi ẹfun kùn ún lọ́dọọdún.

AKIN. Ìlà tó kẹ́yìn lọ tààrà sí ibi tí ẹsẹ̀ ti já.

Púláyà tó fi ń gé wáyà bọ́ lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀.

"Yéè!" Mọ́fẹ́yìsára kígbe. "Ta ló kọ nǹkan síbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Akínọlá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Akin," Bùrẹ́ímọ̀ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní kékeré, "orúkọ ta nìyẹn?"

Akínọlá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó wọlé. "Tèmi ni. Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ yẹn já bọ́. Ẹ̀rù bàbá mi bà mí, mo bá fi amọ̀ dí orúkọ náà." Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀, ó gbé ohùn sókè. "Èmi ni mo kán an. Bùrẹ́ímọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo parọ́ mọ́ ọn."