Èkùrọ́ Tí Kò Dún

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Dọlápọ̀sí fi jọ ń fi èkùrọ́ ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Èmi wà ní Ìlobù, òun wà ní Ìfọ́n. Èmi ni mò ń fi yanrìn fọ ihá ara ẹ̀ kúrò, òun ló ń sá a sórí àjà, lókè ààrò, fún oṣù mẹ́ta. A kì í fi ayùn kan èkùrọ́ tí a kò bá tíì mì sí etí. Tí ọmọ inú ẹ̀ bá dún, ó ti gbẹ. Èyí tó bá dákẹ́ yóò jẹrà sí oníbàárà lọ́rùn.

Ìjà ilẹ̀ dé láàrin ìlú méjèèjì. A kò fojú kan ara wa fún oṣù márùn-ún, èkùrọ́ wa sì wà lọ́dọ̀ Dọlápọ̀sí.

Mùíbátù, aládùúgbò mi, ní, "Ará Ìfọ́n ni yóò tọ́jú ẹrù ará Ìlobù? Ó ti tà á jẹ."

Mo ní kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi.

Nígbà tí ọ̀nà rọ̀, Dọlápọ̀sí ní ká pàdé ní gáréèjì Ẹ̀rìn. Ó gbé àpò kan lé mi lọ́wọ́. Kí n tó kí i dáadáa, mo ti mú ẹyọ kan, mo mì ín. Kò dún. Mo mú òmíràn. Kò dún.

"Tútù ni," mo ní. "O ti ta tiwa, o wá ṣa òmíràn wá."

"Ìyá Azeemah, èmi?"

"Oṣù márùn-ún lókè ààrò, kó má gbẹ?"

"Ààrò wo? Nígbà tí a sá lọ, wọ́n tú páànù ilé ìdáná mi. Gbogbo òjò ọdún yìí ló rọ̀ sórí àjà náà títí ó fi wó. Inú ẹrẹ̀ ni mo ti ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ, tẹ̀rùtẹ̀rù. Gbóòórùn ẹ̀."

Mo gbóòórùn ẹ̀. Ẹrẹ̀ ni. Lábẹ́ ẹrẹ̀, èéfín. Tiwa ni.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ọkọ̀ mi fẹ́ lọ."

Mo fọ wọ́n, mo sá wọn sókè ààrò tèmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, díẹ̀ dún. Mo pe Dọlápọ̀sí, mo mi ọ̀kan sí fóònù.

"Mélòó ló dún?"

"Mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá kò lè yí ọrùn ọmọdé ká." Ó pa fóònù.

Mo fi àdín pa mọ́kànlá náà lára kí wọ́n lè máa dán. Mo dá ìyókù padà sókè ààrò.