Ẹ̀dọ̀fóró Ẹni Àádọ́rin Ọdún

Tíṣà eré ìdárayá ni obìnrin náà, ẹni ọdún méjìlélógójì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ débi pé Ìyá Ẹfúùfù làwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí kòkòrò HIV ti wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Àyẹ̀wò ò tilẹ̀ rí kòkòrò náà mọ́. Sìgá ńkọ́? Kò fẹnu kàn án rí.

Àfi lọ́jọ́ kan tó gbé fèrè sẹ́nu níwájú àwọn ọmọ, tí fèrè kọ̀ tí kò dún. Ó tún un fọn. Hẹ̀ẹ̀ lásán.

Bọ̀dá rẹ̀, àkọ́bí bàbá wọn, káfíńtà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ló tẹ̀lé e lọ sílé ìwòsàn. Òun nìkan ló mọ àṣírí rẹ̀ nínú ẹbí. Wọ́n ní kí tíṣà fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Dókítà wo ìwé tó jáde, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró yín ti gbó jù yín lọ, mà. Ti ẹni àádọ́rin ọdún ló jọ."

"Háà! Bóyá ìwé ẹlòmíì lẹ mú."

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín ló gbó! Ẹ gbé e wá, kí èmi tí mo ti fa èéfín fún ogójì ọdún fẹ́ ẹ wò."

Dókítà pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ náà fún un. Bọ̀dá fẹ́ ẹ. Tirẹ̀ dára ju ti àbúrò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Tíṣà yíjú sí dókítà.

"Ṣebí ẹ ní kòkòrò náà ti sùn?"

"Ó sùn lóòótọ́. Àmọ́ òun àti ara yín ti jà kó tó sùn. Àbùdá tí ẹ jogún lọ́wọ́ òbí ò yí padà. Àwọn àmì tó ń sọ fún àbùdá náà ìgbà tó máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa sinmi ni ìjà náà yí padà. Ìyẹn lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró tètè gbó. A ò tíì mọ ìdí ẹ̀ délẹ̀."

"Kí ni mi ò ṣe dáadáa?"

"Kò sí, mà. Oògùn tí ẹ ń lò déédéé ló jẹ́ kí ẹ ṣì wà láàyè."

Nígbà tí wọ́n jáde, Bọ̀dá ò lè wo ojú rẹ̀. "Èmi ló yẹ kó ṣe," ló ń wí ṣáá. "Èmi gan-an ni."

Wọ́n fún tíṣà ní oògùn tí wọ́n ń fà sínú, èémí rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé gbé e lọ sí kíláàsì ìṣirò. Bọ̀dá búra pé òun ti jáwọ́ nínú sìgá, ṣùgbọ́n àpò ẹ̀wù rẹ̀ ò tíì gbọ́.

Títí dòní, bí tíṣà bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró lójijì, á tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì ń dán bíi ti ọ̀dọ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó ni ín.