Nọ́ńbà Mẹ́fà ní Pápá Bassila

Nouratou, aránṣọ ará Manigri, ló ni ojú-ìwé Fẹ́sìbúùkù tí àwọn ọmọ Manigri tó wà lẹ́yìn odi fi ń rí ilé. Bí wọ́n bá wa iṣu tuntun, á ya fọ́tò rẹ̀. Bí igi kajú bá yọ òdòdó, á yà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ló ń tẹ̀ lé e.

Ní Sátidé kan, àwọn ọmọbìnrin Manigri fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ti Alédjo ní Bassila, Nouratou sì ti ṣèlérí pé gbogbo ènìyàn á máa wò ó lójú-ìwé òun bó ṣe ń lọ. Ẹni tó ń retí rẹ̀ jù ni Chakirou ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́yìn odi ní Libreville. Raïhanatou, ọmọbìnrin Chakirou, ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ Manigri. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i kẹ́yìn.

Bí Nouratou ṣe dé pápá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ pọ́ọ̀tábù rẹ̀, fóònù tó ń gbé kiri: “A máa ti ojú-ìwé yín pa lónìí. Ẹ tẹ ibí, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín.”  Ó yára tẹ̀ ẹ́, ó sì kọ ọ́. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà mẹ́fà wọlé, ni ẹnì kan bá pè é.

“Màdáámù, ojú-ìwé yín la fẹ́ gbà sílẹ̀,” ni ọkùnrin kan wí ní Faransé, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti olùkọ́. “Ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún mi.”

“Mẹ́rin,” ni Nouratou wí, “odo…”

Haniyyah, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tó jókòó tì í, gba pọ́ọ̀tábù náà, ó sì gé ìpè náà. Òun ló ní ṣọ́ọ̀bù fotokopí ní Bassila. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun ló fi ìlẹ̀kùn kejì sí ojú-ìwé náà, débi pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kò lè wọlé láìsí nọ́ńbà tí Fẹ́sìbúùkù fi ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀tábù Nouratou. Nouratou ti ráhùn lọ́jọ́ náà pé ó ń fi àkókò òun ṣòfò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, olè ni. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yìí nìkan ló kù fún un.”

Ọkùnrin náà tún pè. Nouratou fúnra rẹ̀ ló gbé e.

“Nọ́ńbà yẹn ńkọ́, Màdáámù?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ náà ni yóò wà.”

Ó gé e. Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Kíá ló yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, Haniyyah sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí i. Bó ṣe ń parí rẹ̀ ni fèrè dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò eré náà hàn lójú-ìwé rẹ̀.

Orúkọ Chakirou ló kọ́kọ́ yọ láàárín àwọn tó ń wò. Ọ̀mì ni wọ́n gbá títí àkókò fi pé, ó wá di pẹnáríìtì. Manigri ti gbá tiwọn tán, wọ́n fi ẹyọ kan ṣíwájú. Ó ku ọmọ Alédjo kan ṣoṣo. Nouratou fi ọwọ́ méjèèjì di pọ́ọ̀tábù mú. Ọmọ náà gbá a, Raïhanatou fò sósì, ó sì fi ìka gbá bọ́ọ̀lù náà síta.

Gbogbo pápá dìde.  Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni Chakirou kọ sábẹ́ fídíò náà, lẹ́ẹ̀méje.

Nouratou sáré gbé pọ́ọ̀tábù lọ bá Raïhanatou, eruku ṣì bo ojú rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ rí i?”

Ìdáhùn rẹ̀ wọlé kíákíá: “Mo rí gbogbo rẹ̀. O ti ga o.”