Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Wọ́n Sun ní Ẹnubodè

Natércia kò lè wo ojú Olinda, àbúrò bàbá rẹ̀, nígbà tó gba ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnubodè Timor, níbi tí Natércia ti ń ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ọ̀la ni ìdílé yóò bọ́ aṣọ dúdú tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ọdún tí bàbá Natércia ti kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àbúrò òkú ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ dé orí sàréè, tòun ti òdòdó tó so rọ̀ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà Indonéṣíà ni Olinda ń gbé, níbi tí àrùn tuntun ti wọ oko. Kòkòrò ní ń gbé e láti òdòdó dé òdòdó, a sì máa sọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ di pupa.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ Timor."

"Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ gun òkè lò ń sọ òfin fún? Là á, kí o wo inú rẹ̀."

Natércia là á. Ó funfun báláú. Ṣùgbọ́n àrùn náà a máa fara pamọ́, nítorí náà ó gbé ìdì náà sínú iná tí wọ́n fi ń sun èso tí wọ́n bá gbà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Olinda wí. "O ti sun oúnjẹ bàbá ẹ." Ó lọ jókòó sábẹ́ igi, láàárín àwọn obìnrin mìíràn.

Èéfín náà kò tíì lọ tán tí ọkọ̀ ńlá kan fi dé láti ìhà kan náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún inú rẹ̀ tòdòdó-tòdòdó. Abílio, ọ̀gá Natércia, jáde láti inú ọ́fíìsì.

"Ṣí ọ̀nà fún un."

Natércia fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan yọ, ó là á. Inú rẹ̀ dàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì, ó sì ń rùn.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó."

"Oòrùn ló pa á. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí kì í dúró lẹ́nubodè."

Natércia bojú wo eérú ìdì Olinda. Ṣé àpò tálákà nìkan ni àrùn ń gbé ni? Ìwọ̀n méjì lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, ìríra ni lójú Ọlọ́run, kí á tó wá sọ ti òfin oníwọ̀n méjì tó lè pa oko gbogbo ìlú. Ó ki kọ́kọ́rọ́ ọ̀pá ìdènà bọ àyà rẹ̀.

"Ẹ lè gba iṣẹ́ yín. Bí mo bá ṣí ọ̀nà yìí, mo ti sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá mi lásán."

Abílio ń bọ̀ wá bá a. Olinda dìde, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síwájú táyà ọkọ̀, ó jókòó. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti gba èso lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ tẹ̀ lé e. Awakọ̀ fun fèrè.

"Fun ún dáadáa," ni Olinda wí fún un. "Bóyá àrùn inú ọkọ̀ ẹ á gbọ́."

Abílio wo àwọn obìnrin náà, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pupa tó wà nílẹ̀, ó wọlé lọ. Nígbà tó pẹ́, awakọ̀ yí orí ọkọ̀ padà síbi tó ti wá.

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o," ni Olinda wí.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Bí bàbá ẹ bá béèrè òdòdó rẹ̀ lọ́la, èmi ni n ó dá a lóhùn." Ó sún díẹ̀ lórí ẹní. "Wá jókòó."