Fèrèsé Tí Àbúrò Mi Wà

Bọ́sẹ̀, mo lá àlá kan lánàá tí kò tíì kúrò lójú mi. Ṣé o rántí ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti Fúnkẹ́ àbúrò mi jọ ń kọ kó tó kú? Lójú àlá, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, fèrèsé kéékèèké sì kún ojú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, òjò ń rọ̀ sí àgbàlá wa. Nínú òmíràn, Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ń di irun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé yìí ti pọ̀ jù. Ẹ pa díẹ̀ dé."

Mo bá tẹ ọ̀kan. Àṣé fèrèsé ńlá tó gbé gbogbo wọn dúró ni! Bó ṣe pa dé, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Fúnkẹ́ ló kù gbẹ̀yìn.

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò mà tíì fi mí pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà."

Ni mo bá jí. Má túmọ̀ rẹ̀ fún mi o. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, omi ò bọ́ lójú mi rí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo sunkún títí ìyá wa fi wọlé. Wọ́n kàn jókòó tì mí, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.